Ohun tí ojú mi rí lórí graphene àti bàbà

Àbúrò tó béèrè pé ṣé òun lè fi graphene (ìpele kábọ́ọ̀nù tí nínípọn rẹ̀ ò ju átọ̀mù kan lọ) tó hù sórí bàbà pamọ́ sílé fún oṣù mélòó kan, torí wọ́n ní graphene kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá: má dán an wò o. Èmi ti bá ẹ dán an wò.

Jámánì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo kó bàbà pélébé mẹ́ta dání. Graphene wà lára méjì, ìkẹta wà lásán. Mo fi bébà wé wọn sínú àpótí nílé wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Oṣù Kẹrin nìyẹn. Nígbà tí mo tú u ní Oṣù Kẹwàá, òjò ti rọ̀ tẹ́rùn. Èyí tó wà lásán kàn ṣú díẹ̀ ni, ó ṣú kárí. Àwọn tó ní graphene ló bà mí lọ́kàn jẹ́: àbàwọ́n pupa àti dúdú, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín tó gba àárín wọn kọjá bí ojú ibi tí ìkòkò ti sán.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé ní láàbù, a máa ń gbé bàbà náà ka orí iná 200°C fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tí graphene ò bò á pọ́n, ibi tó bò á dán gbinrin. Mo ní ohun tó gba iná á gba òjò. Irọ́ ni.

Bàbà ò di graphene mú dáadáa. Àlàfo àárín wọn tó nǹkan bíi 3.3 angstrom (angstrom kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àlàfo àárín àwọn ìpele kábọ́ọ̀nù inú graphite, èyí tó wà nínú pẹ́ńsù; lórí nickel, irin míì tí wọ́n máa ń hu graphene sí, bíi 2.1 ni, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó tún kù: nǹkan bíi 1000°C la ti ń ṣe é. Bó bá ń tutù, bàbà á súnkì, graphene ò ní bá a súnkì, á wá hunjọ. Ẹni tó bá ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, níbi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì ráyè wọlé, ti mọ ìyókù. Omi àti ọ́síjìn gba ojú ìhunjọ àti ojú ibi tí ègé graphene kan ti so pọ̀ mọ́ òmíràn wọlé, wọ́n ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Graphene sì ń gbé iná mànàmáná, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìdíbàjẹ́ náà dáwọ́ dúró. Èyí tó ṣú lára bàbà lásán ń dáàbò bò ó díẹ̀.

Má torí èyí sáré lọ bá nickel o. Ó máa ń gbé kábọ́ọ̀nù mì nígbà tó bá gbóná, á sì pọ̀ ọ́ bó bá ń tutù, ibì kan á nípọn ju ibòmíràn lọ.

Bá a bá ti ṣe é tán, ká yọ ọ́ kúrò lórí bàbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, fi í sínú ìgò tó dé dáadáa pẹ̀lú silica gel (hóró tó máa ń fa ọ̀rinrin mu), kó o sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Má fi bébà wé e.