Abọ́ Kékeré Tó Máa Ń Bá Khao Soi Wá, Kí La Fi Í Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Aǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Yorùbá ni mí, Mùsùlùmí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Bangkok, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Nígbà tí wọ́n fún wa ní họ́lídè, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ rélùwéè alẹ́ lọ sí Chiang Mai lápá àríwá, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí núdùùsì kan tí wọ́n ń pè ní khao soi, ọbẹ̀ kọ́rì pupa rúsúrúsú báyìí, itan adìyẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n wá kó núdùùsì díndín lé e lórí. Aǹtí, mi ò jẹ irú ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dé Tháílàndì. Àmọ́ wọ́n gbé abọ́ kékeré kan tì í, ewé kan tó kan, àlùbọ́sà tútù àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni, mo bá fi sílẹ̀, kí n tó jẹ ẹ́ dé ààbọ̀ ọ̀rá ẹ̀ ti sú mi. Ọ̀rẹ́ mi ní mi ò mọ̀ ọ́n jẹ ni. Nígbà tí mo padà dé Bangkok mo lọ rà á nílé oúnjẹ kan nítòsí ibi tí mò ń gbé, ó dùn bíi ṣúgà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi sí i kí n tó tètè pariwo. Ṣé ó tọ́ kí n máa jẹ ẹ́ ṣá? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣebí ìrẹsì ni khao lédè Thai, ìrẹsì wo ló wá wà nínú núdùùsì? *Olùkọ́ ní Bangkok*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn gan-an sí lẹ́tà ẹ yìí, torí ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Chiang Mai, ohun tó ṣe ẹ́ yẹn gan-an ló ṣe mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Jẹ́ ká ti orí abọ́ kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ẹni tó se khao soi ò tíì sè é tán nígbà tó gbé e wá síwájú ẹ, ìwọ tó o fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n fi ìyókù iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Wò ó báyìí, àgbọn tí wọ́n rin tí wọ́n wá fún omi ẹ̀ ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn, ọ̀rá nìyẹn, itan adìyẹ náà tún lọ́ràá tiẹ̀, núdùùsì tó wà lókè sì rèé, òróró ni wọ́n fi dín in. Ọ̀rá lórí ọ̀rá lórí ọ̀rá, báwo ni ò ṣe ní sú èèyàn? Ohun tí wọ́n ṣe ń gbé ewé yẹn wá nìyẹn. Ewé mọ́sítádì ni, wọ́n ń pè é ní phak dong, inú omi iyọ̀ ni wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sí títí tó fi máa kan, bó o bá gé e jẹ ó máa ń dún lẹ́nu. Àlùbọ́sà kéékèèké yẹn ní tiẹ̀ máa ń ta díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ á wá gé ọ̀rá náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ tèmi, ṣọ́ọ̀bù kan létí odò Ping ni mo ti jẹ ẹ́. Ìyá tó ń tà á ti dàgbà díẹ̀, pa ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyẹn bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni. Ó rí i pé mo ti abọ́ kékeré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló bá kúrò nídìí ìkòkò ó wá bá mi. Mi ò tíì gbọ́ Thai nígbà yẹn, òun náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ náà ó fi ìka méjì fún un sínú abọ́ mi, ó da àlùbọ́sà sí i, ó da ewé sí i, ó wá ṣí ìgò kan tó wà lórí tábìlì, ata gbígbẹ tí wọ́n gún tí wọ́n sì dín nínú òróró títí tó fi ṣú ló wà níbẹ̀, ó fi orí ṣíbí bù ú bíńtín, ó ní "nit noi", ìyẹn díẹ̀, ó sì fi ìka hàn mí kó lè dá mi lójú. Ó rò ó pọ̀. Ó dúró tì mí títí mo fi tọ́ ọ wò. Àbúrò mi, ọbẹ̀ tí mo ti ń jẹ bọ̀ náà ni o, ọ̀rá yẹn ò lọ síbì kankan, àmọ́ ó ti rí ohun tó ń dá a lóhùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún gbé abọ́ mu.

Nítorí náà bó o bá tún débẹ̀, kọ́kọ́ mu ọbẹ̀ ẹ̀ lásán bíi ṣíbí méjì kó o mọ bí ẹni tó sè é ṣe fẹ́ kó rí, lẹ́yìn náà kó o wá fún ọsàn sí i, kó o da ìyókù sí i, ata yẹn ni kó o fi pamọ́ sẹ́yìn torí ó máa ń jó. Má ri núdùùsì díndín yẹn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máa tì í sínú ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o lè máa rí èyí tó ń rún wómúwómú àti èyí tó ti rọ̀ jẹ pọ̀. Má sì wọ aṣọ funfun lọ, àwọ̀ atalẹ̀ pupa tó wà nínú ẹ̀ kì í fẹ́ lọ lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Ní ti pé ṣé ó tọ́ kó o jẹ ẹ́, èyí ló wù mí jù láti dáhùn. Àwọn Mùsùlùmí bíi tìẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn Chiang Mai gbà pé wọ́n gbé oúnjẹ yìí wá! Ará Yunnan ní Ṣáínà ni wọ́n, Chin Haw làwọn Thai ń pè wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n, ìbaaka ni wọ́n ń di ẹrù lé, wọ́n á wá máa gba orí òkè kọjá lọ sí Burma àti Laos àti Chiang Mai. Lẹ́yìn ọdún 1800 òwò wọn gbilẹ̀ gan-an, àwọn kan nínú wọn ò sì padà sílé mọ́, wọ́n jókòó sí Chiang Mai, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí síbẹ̀, wọ́n sì ń dáná. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti màlúù ni wọ́n ń fi sè é, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní khao soi gai, ti adìyẹ, àti khao soi nuea, ti màlúù, ló pọ̀ jù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́sìn Búdà ló pọ̀ jù nílùú yẹn, wọ́n sì ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ dáadáa.

Mọ́ṣáláṣí wọn, Ban Haw, wà ní Charoen Prathet Soi 1, kò jìnnà sí ọjà alẹ́ tí wọ́n ń pè ní Night Bazaar. Àwọn ilé oúnjẹ Mùsùlùmí wà ládùúgbò yẹn, wọ́n ń ta khao soi. Bó o bá lè ṣe é, ọjọ́ Jímọ̀ ni kó o lọ, kó o tètè jí, torí àárọ̀ Jímọ̀ làwọn ará Yunnan àtàwọn ará orí òkè máa ń ná ọjà kan tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí náà gan-an, wàá rí ewé kíkan nínú garawa, wàá rí ẹran màlúù gbígbẹ, tíì, àwọn ìyá oníbòrùn tí wọ́n ń sọ èdè Ṣáínà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀ pé irú ibẹ̀ yẹn wà ní Tháílàndì. Má dúró di alẹ́ kó o tó wá khao soi kiri o, oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti kógbá wọlé kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyẹn ò wá ní kó o máa jẹ ẹ́ níbi gbogbo. Àwọn mìíràn ti ń fi ẹlẹ́dẹ̀ sí i báyìí, o ti rí i fúnra ẹ. Máa wo àmì hàláálì tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ, tàbí kó o bèèrè bóyá "ahan Islam" ni wọ́n ń tà. Níbi tí kò bá ti dá ẹ lójú, sọ pé "mai sai mu", má fi ẹlẹ́dẹ̀ sí i, àmọ́ èmi ò ní jẹun níbẹ̀, torí o ò mọ ohun tí wọ́n fi ìkòkò yẹn sè lánàá.

Khao soi wà ní Bangkok, àwọn ará àríwá ni kó o wá lọ. "Ahan nuea" ni wọ́n ń kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, oúnjẹ àríwá nìyẹn. Ohùn ni kó o ṣọ́ níbẹ̀, torí nuea tó jẹ́ àríwá àti nuea tó jẹ́ ẹran màlúù, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ti màlúù lọ sókè bíi ti àmì òkè tiwa, ti àríwá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó gòkè. Yorùbá ni ẹ́, ìyẹn ò yẹ kó ṣòro fún ẹ.

Ti orúkọ ẹ̀: àwọn ará Burma ń pe núdùùsì ní khao swè, wọ́n sì ní ọbẹ̀ kan tó jọ ti Chiang Mai gan-an, ohn no khao swè, ohn no yẹn ni omi àgbọn. Ọdún 1296 ni ọba Mangrai tẹ Chiang Mai dó, nígbà tó di 1558 àwọn ará Burma gbà á, ó sì lé ní igba ọdún tí wọ́n fi jọba lé e lórí, kò wá yani lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ wọn bá wà nínú ìkòkò ibẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé rárá, pé ìrẹsì ni khao náà, soi sì ni kéèyàn gé nǹkan wẹ́wẹ́. Ti Burma lèmi fara mọ́, torí wíìtì àti ẹyin ni núdùùsì Chiang Mai. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka lẹ́tà tó kàn.

ÌBÉÈRÈ: Aǹtí, Chiang Rai ni mo ti ń kàwé. Mo sọdá lọ sí Luang Prabang ní Laos, mo rí khao soi lára pátákó, inú mi dùn mo jókòó, ohun tí wọ́n gbé wá ò ní àgbọn rárá, omi ẹran tó mọ́ gaara ni, núdùùsì ẹ̀ fẹ̀, ẹran lílọ̀ pẹ̀lú tòmátì ló wà lórí ẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? *Akẹ́kọ̀ọ́*

ÌDÁHÙN: Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ o. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn, orúkọ nìkan ló pa òun àti ti Chiang Mai pọ̀. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe núdùùsì tiwọn, wọ́n á se é pẹlẹbẹ bí aṣọ, wọ́n á wá gé e tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó ń sọ pé ìrẹsì gígé ni khao soi ń tọ́ka sí èyí. Ẹran lílọ̀ yẹn, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó rà ló wà nínú ẹ̀, bó o bá gbé imú sún mọ́ ọn wàá rí i pé kò jìnnà sí irú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, kí Olùkọ́ wa ti Bangkok fetí sí èyí o. Èmi fẹ́ràn ti Chiang Mai jù, àmọ́ ní àárọ̀ tí òtútù bá mú, ti Luang Prabang náà dùn lọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó ilé ni mí, Chiang Mai là ń gbé, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn ju khao soi lọ, rírà ti pọ̀ jù. Mo gbìyànjú láti sè é, omi àgbọn mi yọ òróró lójú, mo rò pé ó ti bàjẹ́ mo dà á nù. Núdùùsì orí ẹ̀ náà rọ̀ kí n tó gbé e dé tábìlì. *Ìyá àwọn ọmọ mẹ́ta*

ÌDÁHÙN: Áà, o ò bá má dà á nù! Òróró tó yọ yẹn, òun gan-an là ń wá. Lọ́jà, sọ fún wọn pé o fẹ́ hua kathi àti hang kathi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Omi àgbọn ni kathi, orí ni hua, ìrù ni hang: fífún àkọ́kọ́ tó ki ni orí, èyí tí wọ́n tún fi omi sí tí wọ́n fún lẹ́ẹ̀kejì ni ìrù. Orí yẹn lo máa kọ́kọ́ gbé kaná, jẹ́ kó hó títí òróró ẹ̀ á fi yọ, inú òróró yẹn lo máa wá din ata lílọ̀ ẹ sí.

Ata yẹn lo máa fara balẹ̀ sí jù. Ata gbígbẹ, àlùbọ́sà kéékèèké, atalẹ̀, atalẹ̀ pupa àti gbòǹgbò kòríáńdà, yan gbogbo wọn lórí èédú tàbí nínú páànù tí ò ní òróró títí ara wọn á fi dúdú díẹ̀. Yan hóró kòríáńdà náà, pẹ̀lú cha-ko kan, hóró dúdú ńlá yẹn tó máa ń rùn bí èéfín, àwọn ará Yunnan fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, bí ò bá sí níbẹ̀ kọ́rì lásán lo sè. Gún gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú iyọ̀. Fún èèyàn mẹ́rin èmi máa ń lo ife kan hua kathi, ife mẹ́rin hang kathi, itan adìyẹ mẹ́jọ, ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun kọ́rì, àti ààbọ̀ kílò núdùùsì ẹyin tútù, èyí tó pẹlẹbẹ. Bí ata bá ti ń ta sánsán, kó adìyẹ sí i, rò ó yí ara, da ìrù sí i, wá dín iná kù gidi, kó máa hó wúyẹ́wúyẹ́ títí ẹran á fi fẹ́ máa bọ́ lára egungun. Sọ́ọ̀sì sóyà, nam pla, ìyẹn omi ẹja oníyọ̀, díẹ̀, ṣúgà ọ̀pẹ díẹ̀, ó tán.

Núdùùsì tó o fẹ́ dín, ẹ̀kúnwọ́ kan ni kó o yọ sọ́tọ̀ ní tútù, gbọn ìyẹ̀fun ara ẹ̀ dànù dáadáa, díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa jù ú sínú òróró gbígbóná, kò ní pẹ́ wú rárá, yọ ọ́ kíá. Agolo tó ní ìdérí ni kó o kó o sí bó bá ti tutù. Se núdùùsì tó kù, bu ọbẹ̀ lé e fún àwọn ọmọ, jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí oníkálukú fún ọsàn sínú tiẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kó o tó ṣí agolo.