Ẹ Bi Àǹtí: Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe HOD PHE, wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà PHE, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, ni mí ní sẹ́kọ́ńdírì kan n'Ìbàdàn, ọdún kẹrìnlá rè é tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. HOD wa, olórí ẹ̀ka wa, fẹ́ rìtáyà, prínsípà sì ti pè mí pé èmi ló kàn. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, wọn ò jẹ́ kí n rímú mí ní stáàfù rúùmù, bàbá kan tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe é kí obìnrin máa darí ọkùnrin lórí pápá. Ọkọ mi ò ní kí n má gbà á, ṣùgbọ́n òun náà bi mí lálẹ́ àná pé ṣé iṣẹ́ fèrè fífọn náà ló tún ní ọ̀gá nínú. Ṣé obìnrin kankan tiẹ̀ wà tó fi PHE di èèyàn ńlá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ ibi tí netball ti wá, ọmọ JSS 2 kan bi mí, mi ò rí nǹkan sọ. (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ gbà á o. Ẹ gbà á lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ mìíràn.

Obìnrin tí ẹ̀ ń bèèrè wà, Martina Bergman-Österberg lórúkọ ẹ̀. Ọmọ Sweden ni, 1849 ni wọ́n bí i, Stockholm ló ti kọ́ṣẹ́ eré ìdárayá, nígbà tó di 1881 ni London School Board, àwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, gbà á pé kó wá máa ṣe alábòójútó eré ìdárayá àwọn ọmọbìnrin. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí: kò dúró síwájú ọmọ kó máa ní one, two, one, two. Àwọn tíṣà ló kó jọ, obìnrin bíi tiyín, ó ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọmọ, kó tó kúrò níbẹ̀ wọ́n ti ju 1,000 lọ, àwọn yẹn ló wá gbé e dé nǹkan bíi 300 ilé ẹ̀kọ́.

Àbí ẹ rí i, kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó fi dá tiẹ̀ sílẹ̀, 1885, ní Hampstead ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí obìnrin á ti lo ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó pè é ní tíṣà eré ìdárayá. Ẹ bá mi sọ èyí fún Bàbá Ìbejì o: wọ́n ń kọ́ anatomy, bí ẹ̀yà ara ṣe tò, níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìmọ́tótó, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wọ́ ẹni tí ara ń dùn, wọ́n á tún jáde lọ dúró níwájú kíláàsì kí wọ́n wò ó bóyá ó lè kọ́ ọmọ. Ayé ìgbà yẹn sì ni obìnrin òyìnbó ń fi aṣọ líle fún ìbàdí pinpin débi pé mímí gan-an di wàhálà, Madame (bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn) ní kí wọ́n bọ́ ọ sọ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kan, Mary Tait, ni wọ́n ní ó ṣe gymslip tí wọ́n fi ń ṣeré, aṣọ tí kò lápá tó ṣẹ́ pílíìtì sísàlẹ̀. Ẹ wo fọ́tò ẹ̀ kí ẹ wá wo pinafore tí gbogbo wa wọ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n jọra bí àwọn ọmọ yín méjèèjì.

Ní 1895 ó kó kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí Dartford ní Kent torí ó nílò pápá. Ó le o, tí o bá dé tí o ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé yá. Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù ni àwọn tó tọ́wọ́ ẹ̀ jáde. Rhoda Anstey dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1897, Margaret Stansfeld dá ti Bedford sílẹ̀ ní 1903, àwọn náà tún ń kọ́ obìnrin mìíràn tó ń lọ kọ́ni. Nígbà tó fi máa kú ní 1915, ó ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú.

Ibì kan wà tí ọkàn mi ò bá a lọ, mi ò ní fi pa mọ́. Owó tó ń gbà pọ̀, ọmọ ẹni tó rí já jẹ nìkan ló lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tálákà Lọ́ńdọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ń dùn mí títí di báyìí.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bá bàbá stáàfù rúùmù yẹn fa ọ̀rọ̀. Ẹ mú àwọn kọ́pà tí wọ́n bá gbé wá àti tíṣà kékeré tó wà lábẹ́ yín, ẹ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń fa ìlà pápá kó gún, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé oòrùn ti mú ọmọ kó tó ṣubú, bí wọ́n ṣe ń ṣètò íntà-háòsì láìjẹ́ pé ilẹ̀ ṣú bá wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àwọn wọ̀nyẹn ni yóò máa dá a lóhùn fún yín.

Ní ti netball, inú kọ́lẹ́ẹ̀jì Madame náà ni. Ará Amẹ́ríkà kan ló wá kí wọn tó kọ́ wọn ní basketball, wọn ò ní pápá ẹ̀, kò sí ìlà kankan nílẹ̀, ni wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń da bébà sí kọ́ sára ògiri lápá ìhín àti lápá ọ̀hún. Wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, irin roboto wá rọ́pò apẹ̀rẹ̀, wọ́n pín pápá sí mẹ́ta, nígbà tó di 1901 Ling Association, ẹgbẹ́ tí àwọn tó jáde lọ́dọ̀ ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, tẹ òfin ẹ̀ jáde. GD, ẹni tó ń dènà gọ́ọ̀lù nínú netball, ni èmi náà máa ń wọ̀ nílé ìwé, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ bébà méjì ní stáàfù rúùmù yẹn, ẹ gbé e kọ́ ògiri lọ́jọ́ Fúráìdè, kí ọmọ JSS 2 yẹn àti kíláàsì ẹ̀ fi gbá a bí wọ́n ṣe gbá a nígbà àkọ́kọ́.