Ilé búlọ́ọ̀kù níbi tí ilẹ̀ ti ń mì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bíríkìlà ni mí. Ní 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, ó pa ènìyàn tó lé ní 100,000. Lọ́dún yẹn kan náà, èyí tó le jù ú lọ wáyé ní Chile, àwọn tó kú ò sì ju bíi 500 lọ. Ṣebí búlọ́ọ̀kù ni Haiti náà fi ń kọ́lé?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ọ̀gá. Ti Haiti (agbára ìmìtìtì rẹ̀ jẹ́ 7.0) ṣẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Port-au-Prince, olú ìlú wọn gan-an, ti Chile (8.8) sì wà létí òkun. Ìyẹn dá kún un, ṣùgbọ́n ilé ló pààyàn.

Dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ, ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé ní Port-au-Prince, nítorí ìjì tó máa ń ká páànù lọ, àti nítorí pé onílé ń gbèrò àtikọ́ òkè sí i lọ́jọ́ iwájú. A ò lè bá wọn wí. Àmọ́ dẹ́kìn yàrá mítà 4 sí 4, tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 12, wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń mì, ẹrù yẹn á máa fi sọ́tùn-ún sósì lórí ògiri. Búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kéré á lanu láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣẹ́ lórí àti lẹ́sẹ̀, dẹ́kìn á sì já lu àwọn tó wà nínú ilé.

Ní Chile, ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ, kí wọ́n tó da kọnkéré òpó. Níbi tí òpó máa dúró sí, wọ́n á jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù kan yọ síta, kí èkejì fà sẹ́yìn, bí eyín ayùn, kí kọnkéré lè dì í mú. Bí òpó bá ṣáájú, tí a wá fi búlọ́ọ̀kù dí àárín, kò sóhun tó so wọ́n pọ̀. Ògiri lè ṣubú síta.

Ẹ fi òpó sí gbogbo igun, sí ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, àti sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ńlá. Kí wọ́n má jìnnà síra ju mítà 4 lọ. Nínú òpó kọ̀ọ̀kan, irin 10 mm mẹ́rin, èyí tí ara rẹ̀ ní ìlà, kì í ṣe èyí tó ń dán. Ríìngì (irin tínrín tó yí irin mẹ́rin náà ká) 6 mm ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra, kó di 10 nítòsí orí àti ẹsẹ̀ òpó. Ibi táwọn tó ń tẹ irin ti máa ń yára jù nìyí: ẹnu ríìngì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ àárín òpó. Bó bá kàn tẹ̀ ní igun bíi ti L, yóò ṣí nígbà tí kọnkéré bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, irin á sì wọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ da bíìmù yí orí gbogbo ògiri ká, kí irin rẹ̀ ṣẹ́rí wọ ògiri kejì ní igun kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 50.

Kọnkéré: sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 3. Ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀. Ẹ máa bu omi sí búlọ́ọ̀kù fún ọjọ́ 7 lábẹ́ ọ̀rá; kó tó di pé ẹ lò ó, ẹ ju mélòó kan sílẹ̀ láti mítà kan àbọ̀. Bí wọ́n bá ń fọ́, ẹ dá a padà.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan ìhà ọ̀dọ̀ wa?

Ìdáhùn: Níwọ̀nba. Ìmìtìtì ilẹ̀ wó ilé, ó sì pààyàn ní Accra ní 22 oṣù Kẹfà 1939. Mpape ní Abuja náà mì ní 2018. Ẹni tó bá ń kọ́lé sí Accra, kó ṣe gbogbo rẹ̀.