Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó ni LSU pàdánù ní sáà 2019?

Wọn ò pàdánù ẹyọ kan: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 ni LSU, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana, gbá ní sáà náà, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà là ń sọ o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sáré.

Auburn, ẹgbẹ́ yunifásítì mìíràn, ló sún mọ́ wọn jù, 23 sí 20. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ àwọn alátìlẹ́yìn wọn nínú ni ti Alabama, nítorí LSU ò rí ẹgbẹ́ yẹn nà mọ́ láti ọdún 2011. Lóṣù Kọkànlá 2019, nílé Alabama gan-an ní Tuscaloosa, LSU ti fi 33 sí 13 ṣíwájú kí wọ́n tó lọ sinmi. Alabama ń lé wọn bọ̀ títí, ó sì parí sí 46 sí 41.

Lẹ́yìn náà, LSU na Georgia 37 sí 10 láti gba ife SEC, ìyẹn líìgì àwọn yunifásítì gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n lu Oklahoma 63 sí 28, wọ́n wá borí Clemson 42 sí 25 nínú àṣekágbá ife gbogbo orílẹ̀-èdè ní New Orleans. Oṣù Kìíní 2020 ni wọ́n gbá àṣekágbá yìí, àmọ́ sáà 2019 ni wọ́n kà á mọ́.

Joe Burrow, quarterback wọn (ẹni tó ń darí ìkọlù, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), ju bọ́ọ̀lù 60 tó di touchdown, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò, ní sáà náà, òun ló sì gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ́dún. Kò sẹ́ni tó ju tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì kí ó tó dìgbà yẹn. Bailey Zappe ti Western Kentucky ló fi 62 kọjá rẹ̀ ní 2021.