Ṣé irin gbígbé ń ba ẹ̀ṣẹ́ jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Ìsọ̀rí kìlógíráàmù 71 ni mo ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Látìgbà tí mo ti ń lọ sí jíìmù àdúgbò wa, àyà àti apá mi ti yọ dáadáa, mo sì ti di 75. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ sọ pé irin máa ń mú kí ara gan paki, kí n jáwọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́ mi á túbọ̀ máa dun èèyàn ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Akànṣẹ́, Lugbe, Àbújá)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ohun tí ọ̀gá rẹ ń rí lára rẹ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi irin kọ́, ọ̀nà tí ò ń gbà gbé e ni.

Ẹni tó ń gbé irin níwọ̀nba, lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀méjìlá, títí apá á fi wú, ara ló fẹ́ kó tóbi. Ẹni tó gbé èyí tó wúwo gan-an lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, tó fi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta sinmi kó tó tún gbé e, agbára ló ń wá, ara rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wú. Èyí ni tìrẹ.

Wo bó o ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yí, ìbàdí tẹ̀ lé e, èjìká tẹ̀ lé ìbàdí, ọwọ́ ló kẹ́yìn. Ilẹ̀ ni agbára ti ń bọ̀. Lọ wo àwọn Haúsá tó ń ja dambe: ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi okùn dì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀ṣẹ́ yẹn wá. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé àyà nìkan ni wọ́n ń gbé, mò ń rí wọn ní Kubwa níbí: ráńdì kejì ò ní tíì parí tí ọwọ́ wọn á ti wálẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Iṣan ńlá ń béèrè ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ó máa ń dùn mí, torí ọmọ tó lẹ́bùn ni púpọ̀ nínú wọn.

Irin ran Evander Holyfield, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ nígbà tó gòkè lọ sí ìsọ̀rí àwọn tó wúwo jù lọ ní 1988. Lee Haney, tó gba Mr. Olympia, ìdíje àwọn tó ń fi irin kọ́ ara, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ní October 1990, ráńdì kẹta ni Holyfield ti na Buster Douglas, tó ni bẹ́líìtì nígbà náà, lulẹ̀. Ṣùgbọ́n wo Anthony Joshua tiwa. Nígbà tí Andy Ruiz nà án ní June 2019, Joshua lé ní kìlógíráàmù 112. Ní December, ó ti fọn sí nǹkan bíi 108, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó sì yí Ruiz po fún ráńdì 12 títí ó fi gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà.

Kìlógíráàmù mẹ́rin tó o fi kún ara yìí ló ká mi lára jù. Ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, ní ti àwọn ọkùnrin, lẹ́yìn ìsọ̀rí 71, ó di 80. O ti kọjá ti ìsàlẹ̀, o ò sì tíì tó ti òkè, níbi tí wàá ti bá àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láti 84. Jọ̀ọ́, má ṣe rò pé wàá fi ìgbóná àti àìmumi bọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì tí ìjà bá kù. Ó lè pa èèyàn. Fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dín oúnjẹ kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún irin. Gbé e lé èjìká, kó o máa lóṣòó kó o máa dìde. Gbé e láti ilẹ̀. Fa ara rẹ sókè lórí ọ̀pá. Ẹ̀ṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ kàn, kí irin tẹ̀ lé e, torí apá tó ti rẹ̀ kì í kọ́ ohun tuntun. Kó o sì mú ọ̀gá rẹ lọ́wọ́ lọ sí jíìmù náà, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ń kọ́ júdò. Wọ́n ní tó bá ń gbé irin, kò ní ga. (Ìyá Bọ́lá, Kaduna)

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀, Mà. Irin fúyẹ́, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì í, kì í dá ọmọ dúró. Èyí tó wúwo jù, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ló ń ṣe ọmọ léṣe. Ní júdò, ọwọ́ tó di aṣọ mú ṣinṣin ni nǹkan. Ẹ bá a fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọ̀pá tó lágbára, kó máa dì í mú rọ̀ fún ìwọ̀n tó bá lè ṣe.