Gáàsì Amúlétutù Tó Ń Jò Nínú Ọkọ̀ Oníná

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ oníná àlòkù ni mo ń gbé láti Sùúrùlérè lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Erékùṣù Èkó. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni amúlétutù rẹ̀ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mẹkáníìkì àdúgbò wa ti bá mi rọ gáàsì sí i. Yóò tutù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ní òun fẹ́ da oògùn tó ń dí ihò sínú rẹ̀. Mo tún ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà kì í tètè gba iná mọ́ lọ́sàn-án, bí mo tilẹ̀ lo ẹ̀rọ tó máa ń yára fún un níná. Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra ni?

Òǹkàwé yín, Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, nítorí ẹni tó bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Afárá Third Mainland lọ́sàn-án gangan láìsí amúlétutù ló mọ ohun tí ojú yín ń rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè sọ fún mẹkáníìkì yín pé kó má da oògùn náà sínú ọkọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń le nígbà tó bá kan afẹ́fẹ́ tàbí ọ̀rinrin, kì í sì í ṣe ojú ihò nìkan ló lè ti le. Ó lè dí fáàfù tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá, ó sì lè ba ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn yóò fi fa gáàsì náà jáde jẹ́.

Gáàsì amúlétutù kì í tán bí epo bẹntiróò ṣe ń tán. Inú páìpù tí a dí pa ló ti ń yí po, nítorí náà bó bá dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń jò níbì kan, ẹni tó bá sì ń rọ òmíràn sí i láìwá ojú ihò náà, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ méjèèjì lè tan mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná, gáàsì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù náà ló ń gba ooru kúrò lára omi tó ń ṣàn yí bátìrì ńlá ká. Bátìrì máa ń gbóná nígbà tí iná bá ń yára wọ inú rẹ̀. Bí gáàsì kò bá tó láti mú un tutù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dín iná náà kù kí bátìrì má baà bàjẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ Nissan Leaf ìran kìíní tàbí ìkejì lẹ ń gbé, ibòmíràn ni kí ẹ ti wá ìdí rẹ̀, nítorí gáàsì kọ́ ló ń mú bátìrì tiwọn tutù.

Ohun tó ká mi lára jù ni òróró tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bá gáàsì náà rọ sí i. Nínú ọkọ̀ bẹntiróò, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù, òróró PAG ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ti ọkọ̀ oníná yàtọ̀: inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gan-an ni mọ́tò wà, iná bátìrì ńlá, tó máa ń wà láàárín 300 sí 400 fóòtì (volt) nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ló ń yí i, gáàsì àti òróró sì ń ṣàn gba àárín wáyà rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo òróró tí kì í jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó sábà máa ń jẹ́ POE. Ìwọ̀nba PAG tó ṣẹ́ kù sínú họ́ọ̀sì mẹkáníìkì lẹ́yìn tó tọ́jú ọkọ̀ bẹntiróò lè mú kí iná máa yọ́ lọ sára irin ọkọ̀, kọ̀ǹpútà sì lè kọ̀ jálẹ̀ pé ọkọ̀ kò ní gbéra. Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé irú òróró wo ló lò. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ oníná, kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ti ń yọ́ lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà.

Gáàsì tó ń jò máa ń gbé òróró díẹ̀ jáde, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo kọ̀ńdẹ́ńsà, ibi tí gáàsì ti ń tú ooru rẹ̀ dànù, tó wà níwájú ọkọ̀: bí ẹ bá rí àbàwọ́n dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́ níbi tí ìyókù ti gbẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Òkúta títì máa ń lù ú, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun sì máa ń jẹ ẹ́. Àwọn rọ́bà róbótó tó wà lójú ìsopọ̀ páìpù náà máa ń jò. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á fa gáàsì tó kù sínú ẹ̀rọ, á rọ náítírójìn gbígbẹ sí i, á wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Mo ti rí ihò tí ojú lásán kò lè rí, tí omi ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí itọ́ ẹnu akàn.

Kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tàbí wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, ó gbọ́dọ̀ já iná bátìrì ńlá bí ìwé ọkọ̀ ṣe là á kalẹ̀, kó dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé náà sọ, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó lè gba 1,000 fóòtì, kó sì fi mítà wò ó pé iná ti kúrò. Iná yẹn ń pani.

Lẹ́yìn tó bá ti pààrọ̀ ohun tó ń jò, kó fi rọ́bà tuntun sójú ìsopọ̀, kó pààrọ̀ àgbá kékeré tó ń gba ọ̀rinrin, kó sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú. POE máa ń fa ọ̀rinrin mu gan-an, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún un. Agolo òróró tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti àná kò yẹ kó wọ ọkọ̀ yín. Orí ìwọ̀n ni kó ti wọn gáàsì tuntun, ní iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára àlẹ̀mọ́ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

ÌBÉÈRÈ

Ṣé òótọ́ ni pé gáàsì ìdáná lè ṣiṣẹ́ nínú amúlétutù ọkọ̀? Ẹnì kan fẹ́ bá mi rọ ọ́ sí i lówó pọ́ọ́kú.

Òǹkàwé, Èbúté Mẹ́ta.

ÌDÁHÙN

Ó lè tutù, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún un rárá. Gáàsì ìdáná máa ń tètè gbaná, bó bá sì jò wọ inú ọkọ̀ tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jókòó sí, iná kékeré kan tó bá ṣẹ́ níbì kan ti tó láti mú kó gbaná. Àlẹ̀mọ́ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì ló máa sọ bóyá gáàsì amúlétutù R134a ni ọkọ̀ yín ń lò tàbí R1234yf, a kì í sì í po àwọn méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá ti rọ gáàsì ìdáná sí i rí, ẹ sọ fún mẹkáníìkì tó bá fẹ́ tú u lẹ́yìn èyí, kó tó fi ẹ̀rọ rẹ̀ kàn án.