Ta ló ń sanwó ìdálẹ́kọ̀ọ́ dókítà résídẹ́ǹtì ní ilé ìwòsàn káúńtì ní California?

Medicare, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìjọba lórí résídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ti gboyè tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ìpínlẹ̀ àti káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ abẹ́ ìpínlẹ̀, ń fi tiwọn kún un.

Bí aláìsàn Medicare tó ń sùn sílé ìwòsàn náà bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe ń pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta ilé ìwòsàn káúńtì lẹ́sẹ̀, torí tálákà àtàwọn tí kò ní ìnṣọ́ránsì ló pọ̀ níbẹ̀. Òfin 1997 tún fi gbèdéke lé iye résídẹ́ǹtì tí Medicare ń sanwó fún. Iye tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní lọ́dún 1996 ni wọ́n fi ṣòdiwọ̀n. Àyè 1,000 tí òfin mìíràn fi kún un ní ìparí 2020 kéré púpọ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni CalMedForce. Ní oṣù kọkànlá 2016, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí àbá òfin Proposition 56, tó fi dọ́là 2 kún owó orí páákì sìgá kan. Ẹni tó ra sìgá ní ṣọ́ọ̀bù ti dá sí owó oṣù dókítà tó ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì. Òfin náà ya mílíọ̀nù 40 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dún fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ résídẹ́ǹtì, òun ni CalMedForce ń pín, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè.

Ilé ìwòsàn tí kò kọ́ résídẹ́ǹtì rí ní ọdún 5 láti gbèrú kí gbèdéke Medicare tó mú un.